Obìnrin Tí Kì Í Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ìdí mọ́ṣáláṣí tó wà létí ọjà Ajah, tí ẹ béèrè ìyá tó ń ta búùtà, Làtífátù ni wọn óò fi hàn yín. Búùtà ló ń tà, àti korobá, àti ọpọ́n ìfọṣọ, oríṣiríṣi àwọ̀, tó tò lérí ara wọn débi pé bó bá jókòó sẹ́yìn wọn, ìbòrí rẹ̀ nìkan lẹ óò máa rí. Ẹ kí i o. Ẹ ní, "Ìyá Àrínọlá, ṣé dáadáa ni?" Kí ẹ tó pa ẹnu dé, á ti dá yín lóhùn pé, "A dúpẹ́." Bí òjò ń rọ̀, a dúpẹ́. Bí ọjà kò tà, a dúpẹ́. Lọ́dún tí wọ́n ń ṣe títì márosẹ̀, tí eruku sọ gbogbo búùtà rẹ̀ di aláwọ̀ kan ṣoṣo, a dúpẹ́ náà ni. Èmi kò bá ọpẹ́ jà o. Ọpẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kan wà tó jẹ́ ọpẹ́, òmíràn sì wà tó jẹ́ aṣọ tí èèyàn fi bo egbò.

Egbò ti Làtífátù wà nílé, nínú yàrá kan ní Làńgbàsà. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni mò ń pè ní egbò o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kàsímù ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó ni, bíríkìlà gidi. Ó ti ilé wá sí Lẹ́kkí nígbà tí omi ṣì gba ibi tó pọ̀ níbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì mọ ògiri tí àwọn olówó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1. Lọ́jọ́ kan, pẹpẹ igi tó dúró lé yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já láti òkè, ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọdún kẹta rèé. Làtífátù ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà lóru kí ara rẹ̀ má baà bó, òun ló ń gbé e sórí àga onítáyà, òun náà ló sì ń ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án kó lè sáré lọ fún un lóúnjẹ. Àrínọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn.

Èwo wá ni egbò? Egbò náà ni pé ẹ̀yìn ń dun obìnrin yìí, oorun ń pa á, kò sì jẹ́ sọ ọ́ síta.

Ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n Kàsímù ni, Shamsudeen, tó ń fi típà kó iyanrìn lọ sí Lẹ́kkí Free Zone. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, nítorí náà Bọ̀dá Onítípà ni Làtífátù sọ ọ́. Nígbà tí jàǹbá náà ṣì tutù, Bọ̀dá Onítípà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìyàwó, ọjọ́ tó bá ti rẹ̀ ọ́, ṣáà ti sọ. Kò níjà. A óò wá gbé èèyàn wa lọ sí Ìwó, Ìyá wà nílé."

Kò sí èébú níbẹ̀, àánú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Làtífátù gbọ́ ni pé ọjọ́ tó bá rẹ òun, ọjọ́ náà lòun kò ní rí ọkọ òun nílé mọ́. Ó sì fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀, ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń jókòó sójú fèrèsé, tó ń dá ilé onílé lẹ́jọ́ pé igun rẹ̀ wọ́, pé ẹni tó mọ ọ́n ń kánjú lọ jẹun ni. Láti ọjọ́ náà, kò rẹ Làtífátù mọ́. Ẹ bi í léèrè, a dúpẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Fúnláyọ̀, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kánsù, bí ọmọ kan, Ọpẹ́, tí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ kò dúró láti ìkókó. Ọpẹ́ ti di ọmọge báyìí, ìyá rẹ̀ ṣì ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Fúnláyọ̀ ló kó àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ jọ. Èyí ń tọ́jú ìyá ọkọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ìyẹn ń tọ́jú àbúrò tí kò ríran, tó sì ń ní gìrì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò sì pọ̀. Gbọ̀ngán kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn, tí kánsù kọ́ tó sì tì pa, tí ewúrẹ́ ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní kí kánsù ṣí i, kí wọ́n fi olùtọ́jú tó mọṣẹ́ síbẹ̀, àti ẹni tí yóò máa bá wọn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí àwọn aláìlera lè máa lọ lo ojúmọ́ níbẹ̀, kí wọ́n rí ìta, kí wọ́n rí ẹgbẹ́ wọn, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn náà sì rí ibi fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Fúnláyọ̀ lọ, ó bọ̀, títí bàtà rẹ̀ fi jẹ nísàlẹ̀. Níkẹyìn kánsù ní àwọn óò rán ẹnìkan wá wo bí nǹkan ṣe rí.

Ní ti Làtífátù, gbọ̀ngán yẹn ni gbogbo ìrètí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti sọ fún un pé bó bá ń dá nìkan gbé géńdé ọkùnrin báyìí lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí tọkọtaya óò jọ dùbúlẹ̀, tí ẹnìkan kò ní lè gbé ẹnìkejì. Bí gbọ̀ngán bá ṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ á sinmi, Kàsímù kò sì ní kúrò l'Ájah. Bí kò bá ṣí, Ìwó ti ń pè é nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí wọ́n ṣe, ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀.

Àlejò ń bọ̀, ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe bí àlejò bá ń bọ̀. Wọ́n gbá àgbàlá Fúnláyọ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Wọ́n yá àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọ́n di ṣùkú fún Ọpẹ́, wọ́n fi ìyá arúgbó sínú àrán, Làtífátù wọ jálàbíà funfun fún Kàsímù, ó fi lọ́fínńdà sí i lọ́rùn, ó fi òróró pa irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n gbé mínírà sínú yìnyín. Ẹni tó bá kọjá á rò pé ìkómọ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní kánsù, bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, tí ilé sì gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Àwọn obìnrin yìí náà ń dáhùn, ohùn wọn dọ́gba. Ó béèrè ara, ara le. Ó béèrè àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ó ní ṣé kò sí ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ṣá. Wọ́n ní kò sí o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ohùn Làtífátù ló sì ròkè jù. Ìkíni ni wọ́n rò pé àwọn ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣé ènìyàn á kàn dédé ju ẹ̀dùn ọkàn lu àlejò lójú, kó tó mu omi? Wọ́n ń dúró kí ìkíni tán, kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń sọ látàárọ̀. Ó mu mínírà tán, ó ṣàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àmín, ó wọ mọ́tò rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Mọ́tò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì kí Fúnláyọ̀ tó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "ta ló bá a sọ̀rọ̀ gbọ̀ngán?"

Kàsímù nìkan ló bú sẹ́rìn-ín nínú jálàbíà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Làtífátù sì ń fojú sọ fún un pé kó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi mú ìròyìn wá pé kánsù ti gbọ́ pé ara tu àwọn obìnrin yẹn, wọn kò fẹ́ nǹkan kan, àti pé oníṣòwò kan ti ń béèrè gbọ̀ngán náà láti fi kó igò mínírà sí. Ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, nínú ọgbà ilé ìwé, ni wọn óò ti parí rẹ̀. Fúnláyọ̀ pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dáhùn. Òun yóò ṣe bí Gbádégẹṣin. Ó wú ikọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé dáadáa ni?" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé a dúpẹ́. Ó tún béèrè, wọ́n tún dúpẹ́. Ẹnìkan dá ẹnu dúró, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó wá fi kún un pé ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ohun tó kó wọn jọ. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ní Làtífátù ni kó ṣe agbẹnusọ, nítorí ohùn ọlọ́jà ló ní, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n l'Ájah. Làtífátù ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n bi í léèrè ìdí, kò sọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fẹ́ gbé Kàsímù kúrò lórí ibùsùn kó lè ṣe àlùwàlá fún ìrun Alaasárì. Ó kó ọwọ́ sí i lábíyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kàn dún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣubú yakata sílẹ̀, búùtà dànù, omi sì ń wá wọn kiri níbi tí wọ́n wà. Kò ṣe Kàsímù ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Làtífátù kò lè dìde.

"Ìyá Àrínọlá," Kàsímù ní, "ṣé ó dùn ọ́?"

"A dúpẹ́," ni Làtífátù wí.

Kàsímù gbọn omi kúrò lọ́wọ́. "Ilẹ̀ la jọ wà yìí o. Omi ti wọ̀ wá láṣọ. O tún ń dúpẹ́?"

Làtífátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sunkún nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, kò sunkún látìgbà náà, gbogbo rẹ̀ ló wá dà lọ́sàn-án yẹn. Inú ẹkún ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó rẹ òun, ó ti rẹ òun tipẹ́, àti pé òun kò lè sọ ọ́ nítorí Ìwó. Ohùn Kàsímù le díẹ̀ nígbà tó fèsì.

"Ta ló bi èmi léèrè? Àbí àpò sìmẹ́ǹtì ni mí, tí wọ́n kàn máa gbé láti Ajah lọ jù sí Ìwó?"

Ó ní òun náà ní tòun láti sọ. Bí Làtífátù bá ti ń yí òun padà lóru, òun máa ń séèémí ni, kó má baà gbọ́ pé èjìká ń dun òun. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tó bá béèrè bóyá òun sùn, òun á ní a dúpẹ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń fi ọpẹ́ purọ́ fún ara wọn nìyẹn, láràárọ̀, nínú yàrá kan náà. Kàsímù wá fi ọwọ́ nu omi ojú ìyàwó rẹ̀.

"Bí ògiri bá sán," ló wí, "àwa bíríkìlà kì í rẹ́ ẹ bò. A óò kọ́kọ́ là á kó fẹ̀ sí i, kí a tó dí i. Lọ sọ̀rọ̀ nípàdé yẹn. Màá pe ẹ̀gbọ́n mi wá, kó lè gbọ́ ọ lójú mi."

Aládùúgbò tó gbọ́ ohùn wọn ló wá gbé wọn dìde. Fún ọjọ́ díẹ̀, Fúnláyọ̀ àti àwọn yòókù ń pín ara wọn wá ṣe ìtọ́jú Kàsímù, Làtífátù sì ń fi ọ̀já di ìbàdí rin.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọgbà ilé ìwé kún. Bọ̀dá Onítípà gbé àbúrò rẹ̀ wá níwájú típà, ó gbé e sórí àga onítáyà, ó dúró tì í. Oníṣòwò mínírà wà níbẹ̀, ó múra dáadáa. Gbádégẹṣin dìde, ó kí gbogbo ìlú, ó kí àwọn obìnrin náà lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí ó rántí wọn. Ó kọjú sí Làtífátù tó jókòó níwájú.

"Ìyá wa, ṣé dáadáa ni?"

Làtífátù dìde. Ó rí Bọ̀dá Onítípà lẹ́yìn Kàsímù, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àga, bí ẹni tó ti ṣe tán àtigbé ẹrù rẹ̀ lọ. "A dúpẹ́" ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ìbá rọrùn fún un kó kàn jẹ́ kó bọ́. Ó gbé e mì.

"Rárá, ọ̀gá," ló wí. "Kì í ṣe dáadáa. Ó rẹ̀ mí."

Wọn kì í dá ìkíni lóhùn báyẹn nílẹ̀ wa. Nígbà tó ti là á tán, ìyókù kò ṣòro mọ́. Ó sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sọ ti oorun, ó sọ bí òun àti ọkọ òun ṣe wà nílẹ̀ nínú omi. Ó ní òun kò wá tọrọ kí wọ́n gba ọkọ òun lọ́wọ́ òun, òun wá tọrọ ibi tí wọn óò ti bá òun dì í mú ni. Kó tó jókòó, ẹni tó ń tọ́jú ìyá ọkọ ti dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú àbúrò. Fúnláyọ̀ ti Ọpẹ́ wá síwájú nínú àga rẹ̀, ó ní bí òun bá kú lónìí, òun kò mọ ẹni tí yóò fún un lóúnjẹ alẹ́. Ẹnìkankan nínú wọn kò dúpẹ́.

Gbádégẹṣin nu ojú. "Ẹ̀yin ìyá mi," ló wí, "kí wá lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"A kí yín ni, sà," ni Fúnláyọ̀ dáhùn. Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà, Gbádégẹṣin alára kò lè mú un mọ́ra.

Ṣùgbọ́n Làtífátù kò rẹ́rìn-ín, nítorí Bọ̀dá Onítípà ti ń bọ̀ níwájú. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ẹnu ọkùnrin náà jáde, pẹ̀lú àánú náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ náà: kí ló dé tí ìyàwó kò ti sọ, ẹ̀bi òun ni, kó má dààmú mọ́, bí ọjọ́ bá ti mọ́ òun óò gbé àbúrò òun lọ sí Ìwó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," Kàsímù ní láti orí àga rẹ̀. Ohùn tó fi ń pe ọmọṣẹ́ láti orí ògiri ló lò, gbogbo ọgbà ló gbọ́ ọ. "Ó ní ó rẹ òun ni. Kò ní òun kò fẹ́ mi. Èmi náà kò ní mò ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan, ẹ gbé iyanrìn wá, kí a fi ṣe ọ̀nà tí àga mi máa gbà wọ gbọ̀ngán yẹn."

Bọ̀dá Onítípà dúró gbagidi. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó wá béèrè pé irú iyanrìn wo, ti odò ni àbí ti ilẹ̀. Ara Làtífátù rọ̀ wọ̀ọ̀, ó jókòó.

Wọn kò fún oníṣòwò mínírà ní gbọ̀ngán náà. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ṣí i. Bọ̀dá Onítípà já iyanrìn, kò gba nǹkan kan. Kàsímù jókòó sábẹ́ ibòòji, ó ń pàṣẹ fún àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n dẹ ọ̀nà yẹn sílẹ̀, kó má ga bí orí òkè, aláìlera ló máa gbà á kọjá, kì í ṣe ewúrẹ́. Ó bú wọn, ó yìn wọ́n, ojú rẹ̀ dán bí ìgbà tó ṣì wà lórí ògiri.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Làtífátù ti ọkọ rẹ̀ dé ibẹ̀ láàárọ̀, ó fi í lé wọn lọ́wọ́, ó sì lọ sílé láti to búùtà tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Ó ní kí òun fi ẹ̀yìn kan ibùsùn díẹ̀. Ìgbà tó máa lajú, oòrùn ti ń wọ̀. Ó fò dìde, ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láti yí Kàsímù padà kó tó rántí. Bó ṣe sáré dé gbọ̀ngán nìyẹn, ìbòrí rẹ̀ ò dúró lórí.

Kàsímù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọpẹ́ níbi fèrèsé, ó ń fi ilé kan hàn án tí igun rẹ̀ wọ́, Ọpẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Làtífátù bi í léèrè bí ọjọ́ ṣe rí. Kàsímù ya ẹnu láti dúpẹ́, ó pa á dé, ó rò ó.

"Ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀," ló wí. "Ẹni tó ń na ẹsẹ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ le. Màá padà wá lọ́la. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo sùn," ni Làtífátù wí. "Mo sùn débi pé mi ò tajà. Àárò yín ló jí mi."

Ó ń tì í lọ sílé, wọ́n gba ìdí mọ́ṣáláṣí kọjá. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá a pààlà jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀ wá sọ́jà lónìí, ṣé dáadáa ni ṣá. Làtífátù dá àga dúró. Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, ó wo orí ọkọ rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, tí irun funfun ti ń yọ lára rẹ̀, ó yẹ ara rẹ̀ wò látòkè délẹ̀ bóyá irọ́ wà níbì kan. Kò rí i.

"A dúpẹ́," ló wí.